Ọjọ́ tí Ọbẹ̀ Dà sí Aṣọ Funfun

Nílé ọkọ àkọ́fẹ́ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìbínú nínú ìró ẹsẹ̀. Bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mo ti mọ̀ bóyá oúnjẹ ni mo máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí ìyà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá kó mi kúrò ní Peckham nílùú London lọ sílé rẹ̀ ní Dagenham. Mo ríṣẹ́ ẹrù dídì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road, mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé mi ò lọ́kọ fẹ́ mọ́. Bí áńgẹ́lì bá tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá fẹ́ mi, kó yáa padà síbi tó ti wá. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ ẹrù níbi iṣẹ́ wa, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ìjọ Aládùúrà kan náà la sì jọ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè é wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń gbé ọbẹ̀ bọ̀ láti kíṣìnnì, ẹsẹ̀ mi kọ etí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ọbẹ̀ náà sì dà sí sùtánà funfun rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Ó fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ká kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fọwọ́ bo orí, mo ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọbẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

“Sister, aṣọ lásán ni. Ta ló ṣe yín báyìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé ọkọ mi lù mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ro bó ṣe rí fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà ni mo rò ó tán, àwọn méjèèjì ò sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin náà rọra ní, “Ẹ jẹ́ kí n lọ bọ́ aṣọ yìí, ata ti ń ta mí.” La bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló wò mí sàn. Mo ń lọ bá obìnrin kan tó ń gba irú wa nímọ̀ràn nítòsí Dagenham Heathway. Awakọ̀ yìí ló máa ń gbé mi lọ, á dúró dè mí níta, kì í béèrè ohun tá a sọ. Nígbà tó yá, ọkàn mi fà sí i, dídúró dè é kó dẹnu ìfẹ́ kọ mí sì sú mi.

“Brother, ṣé ẹ ò ní í fẹ́ mi ni?”

“Mò ń retí ọjọ́ tí ẹ̀rù mi ò ní bà yín mọ́ ni.”

“Kò bà mí mọ́.” Bá a ṣe ṣègbéyàwó nìyẹn.

Àwọn àgbà ní egbò a máa jinná, àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Òótọ́ ni, àpá wà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì jà lórí ọ̀dà tá a fẹ́ fi kun yàrá. Ó pariwo, èmi náà pariwo, mo na ìka sí i, mo ní yẹ́lò ni, ibi tó bá wù ú kó lọ sọ ọ́. Ó bínú jáde lọ ra ọ̀dà yẹ́lò náà. Ìgbà tí mo jókòó tí mò ń mu tíì ni mo tó rí i pé látìbẹ̀rẹ̀ ìjà yẹn dé òpin, àyà mi ò já.