Mo Ní Kí Ọkọ Mi Má Fi Kànga Yẹn Sílẹ̀

Ọdún méjì ni mo fi ń ráhùn lórí kànga tí ọkọ mi ń gbẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Kpingni. Lónìí, èmi náà ni mo gbèjà rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ dé láti Parakou láàárọ̀. Ó ti bá ọkọ mi rí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àpáta lásán lẹ̀ ń fọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkọ mi wojú mi.

Mo ní, "Bàbá Màríà, ẹ má lọ. Iṣẹ́ ọdún méjì ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan omi."

Ó mú òòlù, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga.

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ òkúta báyìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bí kò bá wá sómi ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ká ní ọkọ yín ni, ṣé ẹ̀yin ò ní jẹ́ kó lọ?