Bíréèkì Tí A So Nítorí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bàbá mi kì í wọ mọ́tò tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní lọ. Lórí òkè yẹn ni bíréèkì ti já nínú mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la kọ́kọ́ rí kí a tó rí òun.

Nígbà tí mo wá sọ pé èmi náà fẹ́ máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko wa lọ sí Arámọkọ, tí mo sì ra tírélà kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní tírélà yìí ní bíréèkì tirẹ̀, iná mọ́tò ló ń mú un ṣiṣẹ́. Àpótí kékeré kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì, àpótí náà yóò fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà, tírélà náà yóò sì dúró, kò ní máa tì mí lẹ́yìn. Wọ́n bi mí pé ta ló so ó. Mo ní a ò tíì so ó.

Ríwáyà tí mo gbé wá láti Ìpótì ti ń tún iná mọ́tò ṣe kí irun rẹ̀ tó funfun, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé òun kò so irú rẹ̀ rí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, nítorí onímọ̀-gbogbo ló ń ba mọ́tò jẹ́. Ó fa wáyà láti bátìrì, ó fi fíúùsì sí i, ó gbà á lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ mọ́tò lọ sẹ́yìn. Bàbá mi gbé àga jókòó tì í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í lábitúnbi: nínú gbogbo eléyìí, èwo gan-an ni yóò mú un dúró? Nígbà tó yọ táyà méjèèjì tírélà náà, ó fi irin róbótó hàn wọ́n, àti láínìn inú rẹ̀ tó ń di irin náà mú kí táyà má yí mọ́, ó ní èyí ni. Ó fi irin náà sílẹ̀ ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, ó ní ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó parí wáyà, ó dá táyà padà, mo sì gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú ilé wa. Àpótí tan iná, ṣùgbọ́n tírélà ò dúró. Ó tì mí dé ẹnu ilé adìyẹ. A tún un gbìyànjú, pàbó ni. Ríwáyà tú gbogbo wáyà tó so, ó tún wọn so, iná sì ń dé ibi tó yẹ kó dé. Mo ti ń fi ojú burúkú wò ó kó tó bọ́ táyà. Ó ki ìka bọnú irin náà, ìka rẹ̀ jáde pupa fòò. Epo pupa ni, láínìn sì ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Mo mọ ẹni tó dà á kí n tó yíjú. Èmi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ń bọ Ògún, a kì í bá ara wa jà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ Ògún, irin tuntun kì í jáde sójú ọ̀nà láìjẹ́ pé a fi epo kí i. Ara ìkọ́ tàbí táyà ni wọ́n sábà máa ń ta á sí.

Inú bí mi kọjá ààlà. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ rán mi tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá mi ò bínú. Wọ́n rọra dáhùn pé, "Urin tí á di ọmọ mi mú lókè nì ni mo bẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, mo sunkún. Ríwáyà ń ṣe bí ẹni ń wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi bẹntiróòlù fọ irin méjèèjì, ó sì fi láínìn tuntun tó bá tírélà wá pààrọ̀ èyí tó ti mu epo. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tírélà dúró gbọn-in. Ni mo bá wọlé lọ gbé ìgò epo wá fúnra mi. Mo bi ríwáyà níbi tí epo kò ti ní ṣe nǹkan kan, ó ní ara ìkọ́ tó so tírélà mọ́ mọ́tò. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ìgò náà fún bàbá mi, wọ́n sì fi ọwọ́ pa epo sára ìkọ́ náà. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́.

A kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Bí mo ṣe ṣáná sí mọ́tò, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ṣí, bàbá mi wọlé jókòó. Mo wa mọ́tò sójú ọ̀nà.

Nígbà tí a dé kọ́nà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, mo tẹ bíréèkì. Mo mọ̀ ọ́n lára bí tírélà ṣe rọra fà wá sẹ́yìn. Bàbá mi ò wo ọ̀nà, èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ó dì ọ́ mú." Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, wọn ò sì gbé e kúrò títí a fi dé Arámọkọ.

Bùbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Àmì epo ọwọ́ wọn wà léjìká rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.