Àtẹ Tí Kò Sẹ́ni Nídìí Rẹ̀ ní Ọjà Alẹ́ Abigi

Àkùkọ kò tíì kọ tí ìyàwó mi ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún mi ní Jápàrà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti gbá yàrá ẹ̀yìn, ó ti tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀. Abigi ni mò ń lọ, lọ́hùn-ún létí omi, láti lọ mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sílé. Ìyá mi kú nígbà tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí kò bímọ kankan, ló fi ọ̀jọ̀jọ̀ títà tọ́ mi títí mo fi di tíṣà. Lọ́dún tó kọjá ló padà sí Abigi, ìlú baba rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn mọ́. Ta ló ń bu omi fún un? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn.

Bọ́lẹ̀kájà ni mo wọ̀, ṣílè mẹ́ta, wọ́n fún wa pọ̀ mọ́ àpò obì. Ó yà sí Àgọ́-Ìwòyè, ó tún kó obì sí i! Títì dára dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìjọba Western Region ṣeun. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Gbogbo wa la sọ̀ kalẹ̀ tì í. Bí mo bá ti ń kùn, dẹ́rẹ́bà á ní, "Tíṣà, ẹ rọra o. Ọkọ̀ yìí ò kàwé."

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Abigi, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa. Mo ní kí n jẹun lọ́jà ná, kí aláìsàn má baà máa wá oúnjẹ kiri fún mi. Lọ́dọ̀ wa, ìkọ́kọrẹ́ ló kún ọjà alẹ́. Níbí, ẹja yíyan ni, edé ni, akàn nínú ọbẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀jọ̀ ló fà mí, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n po mọ́ ata àti àlùbọ́sà, tí wọ́n sì dín. Mo na tọ́rọ́ sí obìnrin tó ń dín in.

"Ẹ kọ́kọ́ ra tibẹ̀ yẹn ná." Ó fi ìgbakọ tọ́ka sí àtẹ ọ̀jọ̀jọ̀ kan tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀, àpótí ìjókòó lásán.

Mo lọ bá ẹnìkejì. "Ẹ ra tibẹ̀ ná." Ẹnìkẹta náà, bákan náà.

Inú bí mi. "Háà! Irú ọjà wo rèé? Ṣé owó mi ò jọ owó ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá. Ẹsẹ̀ ni ò jẹ́ kí ẹni tó ni àtẹ yẹn lè wá. Àwa là ń bá a rin ewùrà, àwa là ń bá a dín in. Tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tán kí tiwa tó tà."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá Délé."

Èmi ni Délé! Ní Jápàrà, Abẹ́ní ọlọ́jọ̀jọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí gbogbo ayé mọ̀ pé kò bímọ.

Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ariwo sọ. Ìyá onígbakọ dì mọ́ mi tòun ti epo lọ́wọ́. Wọn ò gba tọ́rọ́ mi mọ́. Wọ́n sìn mí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Délé, ọkọ mi!"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. A ti tẹ́ ẹní dè yín."

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ní Jápàrà, Abẹ́ní àgàn ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Níbí, mo ní Ìyá Délé lorúkọ mi, wọ́n sì gbà. Jẹ́ kí n dúró síbi tí mo ti jẹ́ ìyá ẹ."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan nínú àwọn obìnrin ọjà ti pọnmi kún ìkòkò, òmíràn ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn; wọ́n di ọ̀jọ̀jọ̀ sínú ewé fún mi, èmi nìkan ni mo sì padà sí Jápàrà.

Ìyàwó mi ń wo ẹ̀yìn mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá dà?"

Mo tú ewé ọ̀jọ̀jọ̀ sílẹ̀. Ó ti tutù, àmọ́ àwọn ọmọ ò kọ̀ ọ́.

"Bàbá, ta ló dín in?"

Ìyá kan ṣoṣo ni mo rò pé mo ní nígbà tí mò ń lọ.

"Àwọn ìyá mi ni," mo ní.