Wáyà áyọ́ọ̀nù mi tú mi fó lójú oníbàárà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi kó bá mi lónìí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe.

Màmá kan gbé rédíò wá láti Sẹkọ́nà, wáyà rẹ̀ ti já. Wọ́n fẹ́ gbà á kí ọkọ̀ wọn tó gbéra.

Èmi ọ̀gá, mo kọ́kọ́ wáàsù: "Màmá, ẹ̀ ń wé wáyà mọ́ rédíò lára. Wáyà kì í ṣe okùn ewúrẹ́ o!"

Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ni."

Mo ki áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà bọ iná. Ó tutù bí omi àmù.

Mo fi téstà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná wà. Mo yọ áyọ́ọ̀nù, mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ni mo bá ń tẹ wáyà wò díẹ̀díẹ̀. Ó ti já nínú, níbi tí mo máa ń wé mọ́ áyọ́ọ̀nù lọ́rùn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Màmá yọjú: "Kí ló ṣe tìẹ?"

"Ó ti gbó ni, Mà."

Wọ́n gbé wáyà sókè, ó ṣì ká bí ejò. "Ó gbó, ó tún ká báyìí? Ewúrẹ́ tìẹ dà?"

Mo gé gbogbo ibi tó ká dànù, mo tún un dè. Áyọ́ọ̀nù gbóná, àmọ́ wáyà ò dé orí tábìlì mọ́. Ilẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó rí rédíò yẹn ṣe.

Màmá ní, "Ó tó, dìde. Mo ti dárí jì ẹ́."

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kí lẹ̀ ń bá oníbàárà wí lé lórí tẹ́yin náà ń ṣe? Ẹ jẹ́wọ́ síbí, kó má jẹ́ èmi nìkan.