Ta Ló Yà Ọ́?

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, fọ́tò ló kún ilé wa bámúbámú, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Onífọ́tò ni wọ́n. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, kò sí ọmọ tí a sọ lórúkọ, kò sí arúgbó tí a sin, tí kò gba iwájú kámẹ́rà wọn kọjá. A tú àpótí, a tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tú inú kọ́bọ́ọ̀dù, ojú ẹlòmíràn là ń rí. Àwọn ìyàwó tí ìgbéyàwó wọn ti tú ká tipẹ́, àwọn ọmọ jòjòló tó ti di bàbá ọmọ báyìí, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí wa. Fọ́tò tí a máa lò fún ìsìnkú là ń wá, gbogbo ẹ̀rín yẹn sì ń bí mi nínú.

Onífọ́tò kan tí òun àti bàbá mi jọ máa ń du oníbàárà ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Ó mú fọ́tò kan wá, èyí tó yà níbi ìgbéyàwó kan tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n di ojú kan, kámẹ́rà bo ìdajì ojú wọn, ẹnu wọn là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Òun la sọ di ńlá, òun la gbé síwájú pósí. Àwọn tó wá kí wa ń bèèrè pé ṣé a ò rí èyí tó dára jù ú lọ ni. A ò rí i.

Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú tí mo bá sọ ohun tí mò ń fi ọjọ́ ìsinmi mi ṣe ní Toronto. Àwọn onífọ́tò tó ń ya ẹlòmíràn ni mò ń yà.

Bramalea ni mò ń gbé, ní basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, nínú ilé ìdílé kan tí a kì í fojú kanra àfi ìgbà tí a bá ń gbé ìdọ̀tí síta. Ìró ẹsẹ̀ wọn lókè orí mi ni mo mọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ ìyá, mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ kékeré tó máa ń sáré láti yàrá dé kíṣìnì, àmọ́ bí mo bá pàdé wọn níbi tí wọ́n ti ń ra tòmátì, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn nìyẹn. Bolton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó fẹ̀ débi pé tí òjò bá ń rọ̀ níta, a kì í mọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ há wa létí, ohùn obìnrin kan á máa pe nọ́ńbà pẹpẹ tí a máa lọ àti iye páálí tí a máa gbé, àwa náà á máa dá a lóhùn. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ni mo bá sọ̀rọ̀ jù lọ láti ọjọ́ tí mo ti dé Canada, kò sì tíì bi mí rí bóyá mo jẹun. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Tí mi ò bá ní shift, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àárín ìlú. Ibi tí àwọn tó ń ṣègbéyàwó ti ń ya fọ́tò kò ṣòro láti mọ̀: iwájú gbọ̀ngàn ìlú níbi tí wọ́n to lẹ́tà orúkọ Toronto sí gàdàgbà-gadagba, etí adágún, àti High Park nígbà tí àwọn igi bá yọ òdòdó. Gbogbo ayé á kọjú sí ìyàwó, èmi á kọjú sí onífọ́tò. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe. Wọ́n rò pé ìyàwó ni èmi náà ń yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì wo onífọ́tò dáadáa rí, ẹ ti pàdánù nǹkan. Ojú tó bá fẹ́ kí ẹ ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Bó bá fẹ́ ẹ̀rín, òun náà á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Mo ti rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, onírùngbọ̀n, tó kúnlẹ̀ sínú yìnyín tó ti ń yọ́, tí ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin, tó ń fẹnu ko afẹ́fẹ́ kí tọkọtaya kan tí ojú ń tì lè mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wọ́n tún máa ń rìn sẹ́yìn láì wo ẹ̀yìn. Ní High Park, ọ̀kan rìn sẹ́yìn títí ó fi jókòó sórí oúnjẹ àwọn tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti ṣe fàájì. Ó bẹ̀ wọ́n, ó gbọn ìdí, ó padà sídìí iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè sọ pé ṣé ìwọ náà rí i.

Màámi ló wá da ọ̀rọ̀ náà rú. Wọn kì í ṣe onífọ́tò, àmọ́ àwọn ló máa ń mú iná dání fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ló ń tún gèlè oníbàárà ṣe, àwọn ló ń parọ́ fún ọmọ tó ń sunkún pé ẹyẹ fẹ́ fò jáde láti inú kámẹ́rà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bèèrè fọ́tò mi. Wọ́n ní àlàfo kan wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi, tèmi ló ń dúró dè. Mo na fóònù síwájú, mo ya ara mi, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n pè mí lórí fídíò, wọ́n sún mọ́ fóònù débi pé iwájú orí wọn nìkan ni mò ń rí.

"Ta ló yà ọ́?"

Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé ìyẹn kọ́. Wọ́n ní kí ènìyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ara rẹ̀ kú oríire ni.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Nígbà tí mo tún ráyè, mo gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé lọ sí etí adágún, mo wọ aṣọ tó dára jù lọ lára aṣọ mi, mo ṣètò kámẹ́rà kó dá yà mí, mo sáré lọ dúró síwájú rẹ̀. Fọ́tò náà jáde bí wúrà. Omi hàn, àwọn ilé gíga hàn, eyín mi hàn. Mo ní láéláé, màámi ò lè mọ̀.

Wọ́n wò ó pẹ́. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn nínú fóònù.

"Kò sí èèyàn níwájú rẹ níbí yìí," ni wọ́n wí. "Nǹkan lò ń wò, o ò wo èèyàn."

Mo ní màámi, kámẹ́rà ni gbogbo ayé ń wò. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní nígbà ayé bàbá mi, kò sí ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tó wo kámẹ́rà, bàbá mi ni wọ́n ń wò. Ni mo bá tún lọ bẹ ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ níwájú gbọ̀ngàn ìlú pé kó bá mi yà á. Kí n tó dúpẹ́ tán, ó ti fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, ó ti lọ. Màámi ní ẹni yìí ń kánjú, ó sì ti gé ẹsẹ̀ mi sọnù. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo ní ẹnì kankan níbẹ̀ rárá. Mo ní mo ní wọn, wọ́n pọ̀, iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí a ráyè ara wa. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wo gbogbo orúkọ inú fóònù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹni tí mo lè pè pé kó wá dúró níwájú mi kó gbé kámẹ́rà dání. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ojú tún ń tì mí pé nítorí fọ́tò ni mo ṣe ń sunkún.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ wà ní Brampton, nínú gbọ̀ngàn kan láàrin àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń to ẹrù lálẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, kí wọ́n sì tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo ti ń wọ kóòtù. Obìnrin kan wà tó máa ń ya fọ́tò fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè fi ọjọ́ orí jù mí lọ púpọ̀. Ní ọjọ́ kan tí tọkọtaya kan gbé ọmọ wọn wá fún ìyàsímímọ́, mo rí i tó bọ́ bàtà, tó gun orí àga pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, tó ń ṣe ẹnu ṣóńṣó sí ọmọ náà kó lè rẹ́rìn-ín. Ojú bàbá mi ni mo rí lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn. Mo gbé tèmi jáde, mo sì ń yà á. Mo yà á títí ó fi fura. Ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó wò mí tààrà. Ibẹ̀ náà ni mo ti tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bá mi níbi àga mi.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo bímọ ni?"

Ojú tì mí, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Ó ní àwọn ọmọ òun wo fọ́tò inú ilé láìpẹ́ yìí, wọ́n wá ní, "Mummy, you're not in any of them," pé òun ò sí nínú ìkankan. Ó ní òun fi ṣe ẹ̀rín lójú wọn, ṣùgbọ́n ó wọ òun lára. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi gbogbo èyí tí mo yà ránṣẹ́ sí òun.

Mo fi ránṣẹ́, àfi èyí tó ti ń wò mí, nítorí mo rò pé ó lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ó dúpẹ́ gan-an, ó ní a gbọ́dọ̀ ríra, ó ní òun máa wá kí mi. Ẹ wò ó, mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Mo fọ basement, mo ra ife méjì tó jọra. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, bí mo ṣe máa ní kó bá mi ya ẹyọ kan fún màámi, kí n má sì jọ ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe shift níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó ń ya fọ́tò níparí ọ̀sẹ̀, ó ní ọmọ mẹ́ta. Mo ní kò burú, mo lè dúró. Bí yìnyín ṣe ń yọ́ ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Alberta, kí a dìde kí a gbàdúrà fún ìdílé tó ń kó lọ. Mo dìde, mo di ojú, mo ṣe àmín. Inú bí mi sí i bí ẹni pé ó jẹ mí ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí kò ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí màámi tún béèrè fọ́tò, mi ò lè purọ́ mọ́. Mo ní màámi, kò sí ẹnì kankan. Mo kó àwọn onífọ́tò mi ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè rí ohun tí mò ń fi ọjọ́ mi ṣe. Wọ́n pè mí, wọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọkùnrin onírùngbọ̀n, wọ́n ní, ẹlòmíràn lèyí ń wò. Ti High Park, ẹlòmíràn lèyí náà ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀, títí wọ́n fi dé orí obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Èyí rí ọ," ni wọ́n wí. "Ìwọ ló ń wò."

Wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́. Mo ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti kó lọ. Wọn ò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, wọ́n pè mí láti pálọ̀, mo sì rí i lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, wọ́n ti fi férémù sí i, wọ́n ti gbé e kọ́ sí àlàfo tèmi: obìnrin tó dúró lórí àga pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kámẹ́rà lọ́wọ́, tó gbé ìpéǹpéjú sókè. Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣì di ojú kan. Mo ní màámi, ẹ ò mọ obìnrin yìí o, ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, kí ni ẹ máa ń sọ fún àlejò?

"Mo máa ń sọ pé ẹni tó rí ọmọ mi ni."

Obìnrin náà ti wà ní Alberta báyìí, kò mọ̀ pé òun wà lára ògiri kan ní Ìbàdàn. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù láti sọ fún un, mo sì ti pa á rẹ́. Mo ṣì ń lọ sí Bolton, obìnrin inú ẹ̀rọ ṣì ń pe nọ́ńbà fún mi. Ṣùgbọ́n tí màámi bá pè, tí wọ́n sì jókòó sí pálọ̀, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orí wọn ń bo ògiri. Wọ́n máa ń sún. Wọ́n rò pé bàbá mi ni mo fẹ́ rí.