Bí Sọ̀fíyàt Ṣe Pa Jẹ́lé-ó-sinmi Rẹ́ Lára Pátákó Rẹ̀

Ọmọ méjì ló wà lára Sọ̀fíyàt Adégbénró lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Ẹnu géètì iléeṣẹ́ kan ní Oregun ló dúró sí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sáré wọlé kí ẹ̀ṣọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo rò pé ìbejì ni wọ́n, mo sì kí i bí a ti ń kí ìyá ìbejì. Ó wo èyí tó wà láyà rẹ̀, ó yíjú wo èyí tó wà lẹ́yìn, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú àwọn méjèèjì."

Àwọn ìyá wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ. Ó ń gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ilé rẹ̀, níbi tí wọn yóò wà títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé àdúgbò kan náà ni a jọ ń gbé, ní Oregun níbẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Èkó, ó sì pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Nígbà tó bí Simbiat, ọmọ rẹ̀, kò rí ẹni tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀. Ìyá tó bí i kò lè fi oko sílẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn tó ń tọ́ ọmọ fún. Sọ̀fíyàt fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n jọ ń di bísíkíìtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà nílé, kó jọ̀ọ́ bá wọn mú tiwọn dání. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Simbiat fi wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàrá méjì tí Sọ̀fíyàt háyà ti kún fún ọmọ. Àwọn kan ṣì ń rákò, àwọn kan ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó gba Ìyáàfin Catherine sọ́dọ̀ láti máa bá a tọ́jú wọn. Ọmọ Èkìtì ni Ìyáàfin Catherine, ó dàgbà ju Sọ̀fíyàt lọ dáadáa, ó sì ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlúpéjú, níbi tó ti ń ṣèrànwọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Mọ́mì ni Sọ̀fíyàt ń pè é.

Nígbà tó yá, Sọ̀fíyàt fẹ́ pátákó síwájú ilé. Afeez, tó máa ń kọ pátákó fáwọn onísọ́ọ̀bù, bi í pé kí lòun máa kọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló sọ fún un: Jẹ́lé-ó-sinmi Sọ̀fíyàt. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó bá ń da ilé rú, ẹ mú un lọ síbì kan kí ilé lè sinmi. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibikíbi tí a bá ti lè fi ọmọ sí di ìrọ̀lẹ́ ni jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba, iléèwé ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn nínú wa.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń yí àdúgbò ká láti mọ àwọn iléèwé tí kò níwèé àṣẹ rí pátákó náà. Wọ́n bá Sọ̀fíyàt sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní kó forúkọ iléèwé rẹ̀ sílẹ̀ kí sáà náà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á tì í pa.

Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ìyá lára. Ọ̀kan nínú wọn, Modinat, sọ fún mi pé kí òun tó mọ Sọ̀fíyàt, ńṣe lòun máa ń ti ọmọ òun mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí òun á sì máa gbàdúrà nídìí ẹ̀rọ títí iṣẹ́ á fi parí. Bí wọ́n bá ti ilé náà pa, ohun tí yóò padà sídìí rẹ̀ nìyẹn.

Sọ̀fíyàt gbà láti di iléèwé. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni Ọ̀gbẹ́ni Job, tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìlúpéjú. Ọmọ rẹ̀, Olúwarótìmí, wà níbẹ̀, Tẹjú ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Oregun. Ó ní ó ti tó àkókò, pé ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Sọ̀fíyàt fi pákó dá yàrá ńlá sí mẹ́ta, ó pe ìkọ̀ọ̀kan ní kíláàsì. Àwọn ọmọ tí kò rí ara wọn mọ́ bá fi ẹkún dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pákó. Ó ra ìwé aláwòrán, ó sì fún télọ̀ láṣọ. Lọ́jọ́ tí yunifọ́ọ̀mù náà dé, táì kékeré wà lára rẹ̀. Ìyáàfin Catherine gbé ọmọ oṣù méje kan sókè, ó wo táì, ó wo ọmọ.

"Ìyá Simbiat, ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ní ọrùn lo fẹ́ so táì mọ́ yìí?"

Sọ̀fíyàt ní kí Mọ́mì jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ìjọba kọ́kọ́ wá wò wọ́n lọ.

Obìnrin kan, Ìyáàfin Ayọ̀tọ́lá, ni ọ́fíìsì tó ń rí sí iléèwé rán wá. Ó rọra wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ oṣù méje yẹn ń sùn ní èjìká Ìyáàfin Catherine, táì ti yí sí i lẹ́yìn. Ìyáàfin Ayọ̀tọ́lá dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń kọ́ eléyìí?"

Gbogbo ìdáhùn tí Sọ̀fíyàt ti kọ́ sórí fò lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. À ń kọ́ ọ bó ṣe máa sùn ni."

"Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, mà," ni Ìyáàfin Catherine fi kún un.

Ìyáàfin Ayọ̀tọ́lá fi fáìlì ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ohun tí Sọ̀fíyàt ń retí. Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn? Kí aago mẹ́fà tó lù. Ìgbà wo ni ọmọ tó gbẹ̀yìn ń lọ? Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá jáde níṣẹ́. Ṣé ọmọ kankan ń sùn mọ́jú níbẹ̀? Rárá o. Ìgbà wo ni wọ́n ń gba họlidé? Sọ̀fíyàt ní iléeṣẹ́ kì í gba họlidé, nítorí náà àwọn náà kì í gbà á.

Ìyáàfin Ayọ̀tọ́lá wá là á yé e. Bó bá jẹ́ iléèwé, yóò máa ṣí bí iléèwé ṣe ń ṣí, yóò máa tì bí wọ́n ṣe ń tì. Yóò wá olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, yóò sì wá ilé tó tóbi ju èyí lọ. Ó ní òun lè fún un láàyè sí i láti ṣe é.

"Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbí kì í ṣe iléèwé. Ìtọ́jú ọmọ ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí pátákó yín yẹn ló pè mí wá. Mi ò tiẹ̀ rí ìgbà tí ilé yín ń sinmi."

Ó fún un ní àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà, ó sì lọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀ kò mọ bí iléèwé ṣe níyì tó lójú wa. Ẹni tó ni iléèwé, ẹni iyì ni. Ẹni tó ń gbọ́mọ fún ènìyàn, ọmọ ọ̀dọ̀ làwọn kan ń pè é. Bí Ọ̀gbẹ́ni Job àti àwọn tó ronú bíi tirẹ̀ bá kó ọmọ wọn lọ, owó tó bá kù kò ní í tó san owó ilé. Sọ̀fíyàt wá bá wa lójúde wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó sì rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní, "Bí mo bá di iléèwé, àwọn tí mo torí wọn bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa tì síta."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló pe àwọn òbí, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kò ṣe iléèwé mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Job dìde. Ó ní kí lòun máa wá sọ níbi iṣẹ́, pé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí lọmọ òun wà? Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á mú ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tẹjú, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dìde.

"Bàbá Rótìmí, ìwé wo lẹ fẹ́ kó kà? Èyí tí wọ́n fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti jẹ ẹ́ dé ojú ewé kẹta."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n Tẹjú kò rẹ́rìn-ín. "Aago mẹ́fà ni mò ń wọṣẹ́, aago mẹ́jọ ni iléèwé ń ṣí. Ta ló máa gbé ọmọ yín dúró láàárín wákàtí méjèèjì yẹn? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Job jókòó. Ìdílé méjì ṣì kó ọmọ wọn lọ lọ́sẹ̀ náà, Sọ̀fíyàt kò sì bá wọn jà. Ó tú pákó inú yàrá kúrò, ó sì ní kí Afeez pa jẹ́lé-ó-sinmi rẹ́, kó kọ Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́.

Ọ́fíìsì kejì náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Wọ́n béèrè ibi tí omi mímu ti ń wá. Wọ́n ní kí ẹni tó bá máa fọwọ́ kan ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti ojú ẹni tó lè wá gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Eléyìí ló le jù, nítorí ní àdúgbò wa, gbogbo ènìyàn ni àǹtí, gbogbo ènìyàn ni bàbá kékeré. Sọ̀fíyàt kọ̀ láti gbé ọmọ fún àbúrò Modinat tí orúkọ rẹ̀ kò sí nílẹ̀, inú sì bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, Modinat fúnra rẹ̀ ló ń ṣàlàyé òfin náà fáwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ́fíìsì náà tún fẹ́ ilẹ̀kùn kejì, kí iná má bàa há ọmọ mọ́lé. Alhaji Abdulwasiu tó ni ilé kò fẹ́ kí wọ́n lu ògiri òun. Sọ̀fíyàt kò bá Alhaji jiyàn, ó ní kí wọ́n ṣáà wá wo ibẹ̀. Alhaji jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán, ọmọ kan sùn lọ lórí ẹsẹ̀ wọn, òmíràn bọ́ fìlà orí wọn dé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rán bíríkìlà wá.

Ìwé àṣẹ náà jáde lẹ́yìn ọdún Iléyá. Àwọn ọmọ ìdílé méjì tó lọ kò padà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gba àyè wọn, Olúwarótìmí sì wà níbẹ̀ títí tó fi tó iléèwé lọ. Ní báyìí, Sọ̀fíyàt ti gba ilé kejì ní Agége, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, fún àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ibẹ̀ ló ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyáàfin Catherine ló sì ń bójú tó ti Oregun.