Mo Dá Ọ̀rọ̀ Oko Sílẹ̀ Kí Opó Tó Jáde

Ọdún kejì máàsítà mi nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lágbàáyé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní kí n lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin lẹ́nu wò lórí ilẹ̀ ogún. Mo wọ mọ́tò láti Sokodé dé Tchamba, mo gun alùpùpù dé Kambolé, ìlú ìyá mi, orí mi sì ń wú.

Ọ̀dọ̀ Màmá Sikirátù ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, oko iṣu kan ṣoṣo ni àwọn àtàwọn ọmọ wọn ń jẹ. Inú opó ni wọ́n wà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí àwa Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dárúkọ ogún títí opó yóò fi jáde. Mo mọ̀ ọ́n, ìyá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwé ń gùn mí. Mo jókòó lágbàálá, mo bèèrè lójú gbogbo ilé pé ta ni yóò jogún oko.

Bàbá Lámídì, àbúrò olóògbé, rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí akọ̀wé ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹbí kúkú parí ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oko bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Opó kò sì lè jáde wá sí ìpàdé. Mo ka àdéhùn àgbáyé sí wọn létí ní Faransé, èdè ilé-ìwé wa. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní Faransé mi dáa.

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú lémọ́mù, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Wọ́n bi mí bóyá wọn kì í kọ́ni ní sùúrù ní yunifásítì. Wọ́n sì ránṣẹ́ sí Bàbá Lámídì pé kò sí ìpàdé títí opó yóò fi jáde.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo padà lọ. Ẹbí péjọ, mo ṣí ìwé mi láti gbẹnu sọ fún Màmá Sikirátù. Màmá gbọ́wọ́ lé e.

“Pa á dé, ọmọ mi. Ọkọ mi ló kú, ẹnu mi ò kú.”

Wọ́n sọ iye ọdún tí àwọn fi kọ ebè níbẹ̀, wọ́n pe àwọn tí oko wọn bá tiwọn pààlà, àwọn yẹn jẹ́rìí. Wọ́n ní kí lémọ́mù ka ìpín tí Kùránì fún àwọn àtàwọn ọmọ wọn. Ẹbí gbà bẹ́ẹ̀. Oko dúró sọ́wọ́ Màmá.

Àdúgbò Kouloundè ní Sokodé ni ọ́fíìsì mi wà báyìí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí mò ń ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá bá mi, tó ní òun fẹ́ lọ gbèjà obìnrin kan, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: “Ṣé òun ló rán ọ?”